Ó Mọ Koríko Yàtọ̀, Kò Mọ Ènìyàn Yàtọ̀: Ìtàn Oògùn Apakoríko dé Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀

Ẹni tí ó bá gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá lónìí, láti Ìbàfò dé Mòwé, ilé ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Bákan náà ni ó rí fún ẹni tí ó bá gba ọ̀nà àtijọ́ Abẹ́òkúta, tí ó kọjá Ọ̀tà, tí ó sì dé Ifọ̀. Kí wọ́n tó ṣí òpópónà náà ní 1978, oko àti igbó ni ó pọ̀ jù ní agbègbè Mòwé àti Ìbàfò. Owó ilé ní Èkó ni ó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn débẹ̀. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n ṣán igbó, wọ́n kọ́lé. Ṣùgbọ́n igbó tí a ṣán kì í gbàgbé ilé rẹ̀. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ẹkan, gbégi, patanmọ́ àti ewé akíntọ́lá yóò ti tún gbórí sókè.

Ìdí nìyí tí oògùn apakoríko fi di ọjà tí kì í kùtà ní àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ òfìfo ń fẹ́ èyí tí yóò pa gbogbo ohun tútù. Ẹni tí ó ti náwó gbin koríko ẹ̀yẹ síwájú ilé ń fẹ́ òmíràn, èyí tí yóò pa èpò, tí yóò sì dá koríko tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sí. Irú kejì yìí, tí a lè pè ní oògùn aṣàyàn, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí aráyé ti mọ̀ ọ́n. Láàrin gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ó ń kọ́ni lákọ̀ọ́kọ́tán. Oògùn náà mọ ewé kan yàtọ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà, kò sì mọ kànga yàtọ̀ sí kòtò. Ọwọ́ ẹni tí ó ń fín in ni àṣàyàn tòótọ́ wà.

Kí oògùn tó dé

Àwọn baba ńlá wa kò ní oògùn kankan tí wọ́n ń fín sí èpò lórí. Ọkọ́ àti àdá ni irinṣẹ́ wọn. Àgbẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó ń dáko ní Ọ̀fadà, tí kò jìnnà sí Mòwé, tàbí ní ìtòsí Ifọ̀, yóò gbin nǹkan sórí ilẹ̀ kan fún ọdún mélòó kan. Bí èpò bá ti ń borí irè, á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó sinmi, á kọjá sí òmíràn. Igbó yóò bo ilẹ̀ àkọ́kọ́, òjìji igi yóò sì pa èpò tí ó nílò oòrùn. Ìgbà tí àgbẹ̀ bá padà síbẹ̀, ilẹ̀ yóò ti lọ́ràá, èpò yóò sì ti dín kù. Ọ̀nà yìí gbéṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá pọ̀ tí ènìyàn sì mọ níwọ̀n.

Àwọn àgbà náà kò ka gbogbo ohun tí ó bá hù fúnra rẹ̀ sí èpò. Tẹ̀tẹ̀, gbúre àti pápásan ń hù láìsí ẹni tí ó gbìn wọ́n, wọ́n sì ń bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ètípọ́nlá wà fún àgbo. Ewé akíntọ́lá tí ó gba etí ọ̀nà kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àjèjì sì ni ewé yìí pàápàá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ó wọ Nàìjíríà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Akíntọ́lá ni àwọn kan ń pè é, Awólọ́wọ̀ ni àwọn mìíràn ń pè é. Orúkọ àwọn olóṣèlú méjì tí wọ́n jọ figa gbága ni ó wá jẹ́ orúkọ èpò kan ṣoṣo.

Ní ti iwájú ilé, gbígbá ni wọ́n ń gbá a. Ilẹ̀ gbalasa tí ìgbálẹ̀ ń kọjá lórí rẹ̀ ní àràárọ̀ ni àmì ilé tí ó ní ètò. Ejò kò ríbi fara pamọ́ sí, àwọn ọmọ sì rí ibi jókòó gbọ́ àlọ́. Àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n mú àṣà koríko iwájú ilé wá sí ibùgbé wọn ní Ìkòyí àti irú ibẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti di àmì ọlá, tí ó sì wọ ilé ìwé gíga, ilé ìjọsìn àti àwọn ẹ́sítéètì tí wọ́n ń kọ́ lónìí. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, koríko kápẹ́ẹ̀tì tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì ń rá mọ́lẹ̀, ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Àjèjì méjì wá ń du ilẹ̀ Ẹ̀gbá, onílé sì ń pe ọ̀kan ní ẹwà, ó ń pe èkejì ní èpò.

Bí a ṣe mọ oògùn aṣàyàn

Títí di nǹkan bí 1940, ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí ayé fi ń pa koríko ni kò mọ ìyàtọ̀ kankan. Iyọ̀ wà lára wọn, aséníìkì wà lára wọn. Wọ́n ń da aséníìkì sí ojú irin ní àwọn ilẹ̀ kan. Ó ń pa koríko, ó ń pa ẹran tí ó bá jẹ koríko náà, ó sì lè pa ènìyàn.

Ọ̀nà tuntun ṣí láti inú ìwádìí tí kò bá èpò tan rárá. Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀ Francis tẹ ìwé kan jáde ní 1880 lórí bí ọ̀gbìn ṣe ń rìn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ohun kan ń ti ṣóńṣó ọ̀gbìn sọ̀ kalẹ̀, òun ni ó sì ń jẹ́ kí ó tẹ̀ síhà ìmọ́lẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, Frits Went, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fi hàn pé ohun náà wà lóòótọ́, pé òun ni ó ń darí ìdàgbà ọ̀gbìn. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ayédèrú rẹ̀. Wọ́n rí i pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń mú gbòǹgbò yọ, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, á pa ọ̀gbìn.

Ní 1940, William Templeman, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ICI ní Jealott's Hill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí oko ọkà tí èpò wà nínú rẹ̀. Èpò elewé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ọkà kò kú. Ìwádìí yìí ni ó bí oògùn MCPA. Ní Amẹ́ríkà, òmíràn tí ó jọ ọ́ gan-an, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 2,4-D, ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ìjọba méjèèjì sì fi ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà pamọ́, nítorí wọ́n rò pé a lè fi ba oko ọ̀tá jẹ́. Ní 1944, Paul Marth àti John Mitchell, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní Beltsville, tẹ àbájáde kan jáde. Wọ́n fín 2,4-D sórí koríko ọgbà, èpò tí ó wà láàrin rẹ̀ sì kú, koríko ọgbà sì dúró. Lórí koríko ẹ̀yẹ, kì í ṣe lórí oko ọkà nìkan, ni wọ́n ti fi iṣẹ́ oògùn yìí han ayé. Ní 1945, ó ti wà lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà tí ó ń gbà pa èpò yẹ ní mímọ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ewu wà. 2,4-D kì í jó ewé bí iná. Ó ń ṣe bí ẹni pé òun ni omi ìdàgbà ti ọ̀gbìn náà gan-an. Èpò elewé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ á gbà á wọlé, á máa dàgbà láìní ìjánu, ọ̀pá rẹ̀ á lọ́ pọ̀, ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú rẹ̀ á dí, á sì kú láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Àgbàdo, ìrẹsì àti ọ̀pọ̀ koríko kì í jẹ́ kí ó dé ibi tí ó ti lè pa wọ́n, wọ́n sì ń yí i padà sí ohun tí kò lè pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n díẹ̀ ni agbára wọn ká. Bí a bá dà á jù, koríko ẹ̀yẹ náà yóò pọ́n, yóò sì jó. Ìwọ̀n ni ó ń sọ oògùn yìí di aṣàyàn. Ẹni tí ó bá fo ìwọ̀n kọjá ti sọ ọ́ di apagbogbo.

Ohun tí ogun fi hàn

Láàrin 1962 àti 1971, ọkọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà fín oògùn apakoríko tí ó lé ní 70 mílíọ̀nù lítà sórí igbó àti oko ní Vietnam, kí ọ̀tá má bàa ríbi sá pamọ́ sí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Agent Orange, àdàlù 2,4-D àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, 2,4,5-T. Nínú ṣíṣe 2,4,5-T ni májèlé kan tí ń jẹ́ dioxin ti ń yọ́ wọlé. Májèlé náà kò sí nínú ìwé tí wọ́n kọ sí ara àgbá, ṣùgbọ́n ó wà nínú àgbá. Àìsàn tí ó fà kò yan ọ̀tá láàyò. Ó mú àwọn ará Vietnam, ó sì mú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé àgbá náà. Ní 1985, Amẹ́ríkà fòpin sí lílo 2,4,5-T pátápátá. 2,4-D ṣì wà lórí àtẹ títí dòní, nítorí kì í ṣe òun ni dioxin náà ti wá. Síbẹ̀, ní 2015, àjọ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àrùn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí tí wọ́n rí kò lágbára. Ohun tí ọlọgbọ́n yóò rí dì mú níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ó kan ara wa ju bí ó ti yẹ lọ.

Bí ó ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá

Àgbẹ̀ kòkó ni ó kọ́kọ́ sọ fínfín di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, Gammalin 20 ni wọ́n fi ń fín kòkó nítorí kòkòrò tí ń mu omi ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi gbé oògùn kòkòrò kan náà lọ sí odò láti fi pa ẹja, tí wọ́n sì gbé ẹja náà lọ sí ọjà. Ohun tí wọ́n ṣe fún igi, wọ́n lò ó fún oúnjẹ. Ìwà yìí kò kú pẹ̀lú Gammalin.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ìwádìí lórí èpò gbòòrò sí i. Okezie Akobundu, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ èpò tí wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ ìwé ńlá kan lórí èpò ilẹ̀ olóoru, òun àti C. W. Agyakwa sì ṣe ìwé atọ́nà lórí àwọn èpò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. 1987 ni ìwé méjèèjì jáde. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ orúkọ èpò kí ó tó wá oògùn rẹ̀.

Fún àgbẹ̀ ìrẹsì Ọ̀fadà, oògùn aṣàyàn yanjú ìṣòro tí ọkọ́ kò lè yanjú. Ìrẹsì jẹ́ koríko, èpò tí ó sì ń dà á láàmú jù jẹ́ koríko tí ó jọ ọ́ débi pé ojú kì í tètè dá wọn mọ̀. Propanil, tí ó jáde ní nǹkan bí 1960, lè dá wọn mọ̀, nítorí ìrẹsì ní ohun kan nínú ara tí ń fọ́ oògùn náà sí wẹ́wẹ́, tí èpò kò ní púpọ̀. Atrazine ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbàdo láti ìparí àwọn ọdún 1950. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ fi oko sílẹ̀ lọ sí Èkó, tí owó alágbàṣe sì gbówó lórí, oògùn ni ó rọ́pò wọn.

Àwọn apagbogbo náà sì dé. Paraquat, tí ICI kọ́kọ́ tà ní 1962 pẹ̀lú orúkọ Gramoxone, ń jó ewé láàrin ọjọ́ kan. Glyphosate, tí Monsanto kọ́kọ́ tà ní 1974 pẹ̀lú orúkọ Roundup, ń lọ láti ewé dé gbòǹgbò. Nígbà tí ẹ̀tọ́ àdánìkanṣe Monsanto parí ní Amẹ́ríkà ní 2000, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Lónìí, oríṣiríṣi orúkọ ni ó wà lára ìgò, ohun kan náà sì lè wà nínú ìgò mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá béèrè fún oògùn koríko lásán ní ọjà Ifọ̀ lè gba èyíkéyìí nínú wọn. Bí ó bá fín glyphosate tàbí paraquat sórí koríko ẹ̀yẹ, ó ti pa èyí tí ó gbìn pọ̀ mọ́ èyí tí ó ń lé.

Paraquat ni ó kó ènìyàn láyà sókè jù. Ẹnu kan péré lè pa àgbàlagbà, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn kankan. NAFDAC fòpin sí i ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún atrazine láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2025. Nítorí náà, ìgò tí orúkọ ọ̀kan nínú méjèèjì bá wà lára rẹ̀ kò yẹ kí ó wọlé ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà jẹ́ pé owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ó tún yẹ kí a ṣọ́ra fún ìdájọ́ òjijì. Ní oṣù kẹrin 2015, àìsàn àràmàǹdà kan pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí ni oògùn apakoríko. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé methanol inú ògógóró ni. Ìtàn náà kò sọ oògùn apakoríko di ohun tí kò léwu. Ó kọ́ni pé àyẹ̀wò ni ó yẹ kí ó ṣáájú ẹ̀sùn, kí ènìyàn má bàa sá fún ohun kan kí ó sì máa mu òmíràn.

Ọgbà àti kànga

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀ yàtọ̀ sí ti Beltsville ni omi. Ní ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, kò sí omi ẹ̀rọ ìjọba. Kànga tàbí omi tí a gbẹ́ fúnra ẹni ni wọ́n ń mu, ó sì lè má ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí koríko ẹ̀yẹ parí sí. Pulọ́ọ̀tì kan ni ilé, ọgbà, kànga àti sálángá jọ ń pín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé 2,4-D kò gbọdọ̀ ju 0.03 mílígíráàmù lọ nínú lítà omi mímu kan. Irú tí ó ní 720 gíráàmù nínú lítà kan wọ́pọ̀ lọ́jà. Ṣíbí kékeré kan, tí í ṣe mílílítà 5, yóò ní 3,600 mílígíráàmù nínú. Ó tó láti mú omi 120,000 lítà dé òdiwọ̀n náà. Kànga tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà méjì, kò gbà ju nǹkan bí 1,570 lítà lọ. Òdiwọ̀n náà wà fún ẹni tí yóò máa mu omi náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí náà ẹnu kan kò ní pa ènìyàn. Síbẹ̀, ìṣirò náà fi hàn ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fọ ẹ̀rọ ìfínkoríko létí kànga, tí a kò sì gbọdọ̀ da àjẹkù oògùn sí ojú àgbàrá.

Aládùúgbò náà wà níbẹ̀. 2,4-D kórìíra gbogbo ewé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì béèrè ẹni tí ó gbìn ín. Ewédú, ẹ̀fọ́, ilá, tòmátì, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀gẹ́ wà lára wọn. Bí atẹ́gùn bá gbé e kọjá ògiri, ewé ẹ̀fọ́ ìyá kejì yóò lọ́ pọ̀ bí òrùka, ìjà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Irú tí wọ́n kọ amine sí lára kì í tètè di afẹ́fẹ́ tó irú tí wọ́n kọ ester sí. Láàrin ilé, amine ni ó sàn.

Lílò rẹ̀ láìṣe ara ẹni léṣe

Ohun àkọ́kọ́ ni mímọ èpò. Patanmọ́, ètípọ́nlá àti àwọn elewé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn ń gbọ́ ti 2,4-D. Ẹkan àti gbégi kò gbọ́, nítorí koríko ni wọ́n, bíi koríko ẹ̀yẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń da 2,4-D sí ẹkan ń fi owó ṣòfò, ó sì ń fi májèlé kún ilẹ̀. Ẹkan ní láti di wíwà jáde pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tí ó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ọgbà kékeré tí èpò inú rẹ̀ kò ju ogún lọ kò nílò oògùn. Ọwọ́ àti ọ̀bẹ tó o, pàápàá lẹ́yìn òjò nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀. Koríko ẹ̀yẹ tí ó bá dí dáadáa, tí a kì í gé mọ́lẹ̀ jù, kì í fi àyè gba èpò.

Bí oògùn bá di dandan, kí onílé wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, kí ó rí i dájú pé orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀, pé wọ́n sì kọ koríko ọgbà mọ́ ohun tí ó wà fún. Oògùn tí wọ́n bù sínú ìgò omi tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kò yẹ ní rírà. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ó ti tipa bẹ́ẹ̀ mu májèlé níbi gbogbo lágbàáyé.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà onígun mẹ́rin. Bí ìwé ara ìgò bá sọ pé lítà kan fún hẹ́kítà kan, mílílítà 10 péré ni ó tọ́ sí ọgbà tí ó jẹ́ mítà 10 ní mítà 10. Odidi pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120 kò ju nǹkan bí 669 mítà onígun mẹ́rin lọ. Kò gbà ju mílílítà 67, ká ní koríko ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi agolo mílíìkì wọn oògùn ti jìnnà sí ìwọ̀n. Kí alágbàṣe kọ́kọ́ rọ omi lásán sínú ẹ̀rọ, kí ó fín in sórí ìwọ̀n ilẹ̀ kan, kí ó wo iye omi tí ó tán, nígbà náà ni yóò mọ iye omi tí yóò fi po oògùn.

Àárọ̀ tí atẹ́gùn kò fẹ́ ni ó yẹ láti fín in, kì í ṣe ọjọ́ tí òjò ṣú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàtà òjò, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìbòmú àti awò ojú kì í ṣe fáàrí. Inú pípo oògùn ni ewu ti pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ó ti le jù. Kí ẹnikẹ́ni má jẹun, kí ó má mu sìgá nídìí rẹ̀. Kí ọmọdé, adìyẹ àti ewúrẹ́ má dé orí koríko náà títí yóò fi gbẹ tán pátápátá, kí wọ́n má sì fi koríko tí wọ́n gé níbẹ̀ bọ́ ẹran títí àkókò tí ìwé ara ìgò sọ yóò fi pé. Kí wọ́n fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Kí wọ́n ṣan ìgò òfìfo lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n da omi ìṣanlẹ̀ náà padà sínú ẹ̀rọ kí wọ́n sì fín in sórí ọgbà, kí wọ́n wá lu ìgò náà ní ihò. Ìgò oògùn kì í di ìgò epo pupa láéláé.

Ẹni tí kò lè ka ìwé ara ìgò

Gbogbo ìlànà yìí wà lára ìgò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹni tí ó ra oògùn lè kà á, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò fín in. Alágbàṣe ni yóò gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Àwòrán wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé, àwọ̀ pupa, yẹ́lò, búlúù àti àwọ̀ ewé sì ń sọ bí májèlé náà ṣe le tó, ṣùgbọ́n àwòrán kì í ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹni tí wọn kò kọ́. Láti ọjọ́ Marth àti Mitchell, àwọn tí wọ́n ṣe oògùn yìí mọ̀ pé ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Láàrin wọn àti ẹni tí ó ń po ó ní Mòwé, ìwọ̀n ni ó kọ́kọ́ sọnù.

Èyí kò kọjá agbára ìjọba. Òfin tí ó fi dandan lé Gẹ̀ẹ́sì lè fi Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò kún un. OGADEP, tí ó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn, lè mú ẹ̀kọ́ náà dé àdúgbò tí kì í ṣe oko mọ́, nítorí ibẹ̀ ni oògùn oko wà báyìí. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò lè pe àwọn alágbàṣe jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò, kí wọ́n fi èdè abínibí ka ìwé ara ìgò sí wọn létí. Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ onílé ni. Kí ó tó gbé ìgò lé alágbàṣe lọ́wọ́, kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára fún un, kí ó sì jẹ́ kí ó tún un sọ.